KẸ̀KẸ́ ALÁÌNÍJÍÀ ÀTI KẸ̀KẸ́ ONÍJÍÀ: ÌTÀN OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA FI ṢÒWÒ NÍ ÒKÈ ỌYA

  

Wọ́n ní kí àwa oníṣòwò náà kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìrántí yìí. Àwọn olùkọ́ àti àwọn amòfin inú ẹgbẹ́ wa mọ ìtàn ọba àti ìtàn ogun jù wá lọ. Àwa kì í ṣe akọ̀wé gíga. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tiwa mọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kí ó mọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni àwa ń tà ní Sabon Gari, Kano. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbé wá sí ìsọ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, kẹ̀kẹ́ wo ni kí n rà tí n ó máa gùn lọ síbi iṣẹ́? Ṣé èyí tí ó ní jíà ni, àbí èyí tí kò ní?” Ẹni tí ó fẹ́ ná owó oṣù kan tàbí méjì lórí nǹkan, kò yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín lásán. Ìtàn ni a ó fi dá a lóhùn.

BÍ KẸ̀KẸ́ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Karl Drais ni ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jáde ní ìlú Mannheim ní ọdún 1817. Igi ni ó fi ṣe é. Kò ní pẹ́dàlì, kò ní ṣéènì; ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ ni yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tí ń sáré. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, àwọn ará Faransé fi pẹ́dàlì sí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìdààmú kan wà níbẹ̀. Bí a bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yóò yí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yára, àfi kí ó wá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó tóbi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú ẹsẹ̀ iwájú tóbi sí i títí ó fi ga dé àyà ènìyàn, tí ti ẹ̀yìn sì kéré bí ọmọ tí ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bá gbé ṣubú, orí ni ó sábà máa ń fi sọlẹ̀.

Ní ọdún 1885, John Kemp Starley ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde. Ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì sì ni ó ń fa ti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ní Belfast. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti rí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí.

Ṣéènì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ jíà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọjà. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn, táyà 28 ni ó ń lò. Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn sì ní eyín 20, ìgbà kan tí a bá yí pẹ́dàlì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò yí ní ìgbà 2.4. Kẹ̀kẹ́ náà yóò ti lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, ìyẹn dára fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí òkè bá dé, ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀ náà ni ènìyàn yóò fi agbára fà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ronú jíà.

FÍÌSÌ ÀTI FÍRÍWÍÌLÌ

Kí ó tó kan jíà, nǹkan mìíràn ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni wọ́n de irin eléyín ẹ̀yìn mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pinpin. Irú èyí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní fíìsì. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí, pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ máa yí. Kò sí ìsinmi fún ẹni tí ó gùn ún. Bí ó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ́dàlì ni yóò máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri bí ẹni tí a ń lé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀, àti pé ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọdún 1900 wọlé, fíríwíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgboro. Ẹni tí ó bá ti tú u wò yóò rí ahọ́n irin kéékèèké nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì síta. Bí a bá tẹ pẹ́dàlì síwájú, ahọ́n náà á há mọ́ eyín inú, á sì fa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí a bá dá ẹsẹ̀ wa dúró, ahọ́n náà á máa fò kọjá lórí eyín: tiki-tiki-tiki. Ìró yẹn ni àwọn ọmọdé fi ń mọ̀ pé bàbá ti dé láti ọjà.

Ṣùgbọ́n fíríwíìlì gba agbára ìdádúró lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, bíréèkì di dandan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lo bíréèkì onírin gbọọrọ tí ń fa rọ́bà mọ́ ríìmù. Ní ọdún 1903, ilé-iṣẹ́ Fichtel & Sachs ní Schweinfurt, ilẹ̀ Jámánì, gbé Torpedo jáde, èyí tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á dúró.

BÍ JÍÀ ṢE DÉ

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Frank Bowden. Ó ti rí owó ní Hong Kong, ṣùgbọ́n àìsàn kọlù ú. Kẹ̀kẹ́ gígùn ni ó bá a wo ara rẹ̀ sàn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wá àwọn tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ náà lọ sí òpópó Raleigh ní ìlú Nottingham. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, kẹ̀kẹ́ bí 3 ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Ó rà á, ó sì sọ ọ́ di Ilé-iṣẹ́ Raleigh ní ìparí ọdún 1888. Bí Raleigh wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bowden yìí kan náà ni ó rà ẹ̀tọ́ sí jíà oníìpele mẹ́ta tí orúkọ Henry Sturmey àti James Archer wà lórí rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer sì bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham ní ọdún 1902. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni jíà yìí fara pamọ́ sí. Ojú kò rí i, eruku kò sì tètè wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1936, tí wọ́n ń pè ní AW, ni ó lókìkí jù lọ. Ìpele àárín jẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́ lásán. Ìpele ìsàlẹ̀ ń dín ìdámẹ́rin kù, ti òkè sì ń fi ìdámẹ́ta kún un. Ẹ padà sí ìṣirò wa: ẹsẹ̀ bàtà 17 àti ààbọ̀ á di nǹkan bí 13 nígbà tí a bá ń gun òkè, á sì di nǹkan bí 23 nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí atẹ́gùn sì ń tì wá lẹ́yìn.

Àwọn ará Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n to irin eléyín púpọ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣe irin kékeré kan tí ń gbé ṣéènì láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Paul de Vivie, ará Saint-Étienne, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jà fún un jù lọ. Ṣùgbọ́n Henri Desgrange, tí ó dá ìdíje Tour de France sílẹ̀ ní ọdún 1903, kò gbà. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó ti kọjá ọdún 45 ni jíà yẹ. Ọ̀dọ́ tí ó lágbára, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gun òkè. Nítorí èyí, àwọn eléré ìje ń gun kẹ̀kẹ́ tí irin eléyín wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dé ìdí òkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á yọ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún un dè. Ọdún 1937 ni wọ́n tó gba jíà láàyè nínú ìdíje náà. Roger Lapébie tí ó lo jíà ni ó sì gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún náà. Láti ìgbà náà ni ẹnu ti wọhò láàárín àwọn eléré ìje.

KẸ̀KẸ́ DÉ ỌWỌ́ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ní ọdún 1912, ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano. Ọdún kejì rẹ̀ ni Sabon Gari bẹ̀rẹ̀, tí a fi rí ibi gbé. Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé àwọn ará Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í wọ abúlé. Láti ibi tí ojú irin parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù tẹ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó gba orí wọn sílẹ̀.

Ẹ rántí àwọn òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, kàríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ di ìsọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè ná ọjà abúlé kan lọ́jọ́ kan. Oníkẹ̀kẹ́ lè jí kúrò ní Kano ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó ná ọjà Wudil tí ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà, kí ó sì padà sùn sílé rẹ̀. Nílé náà, bí owó kòkó ṣe ń wọlé ni àwọn àgbẹ̀ ń ra kẹ̀kẹ́. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí, UAC, John Holt àti àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó o wọlé: Raleigh, Hercules, BSA, Rudge, Humber, Phillips. Àwòrán ìpolówó Raleigh kan lókìkí nígbà náà: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń gun kẹ̀kẹ́ sá fún kìnnìún, kìnnìún kò sì bá a.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Àwọn ènìyàn wa tí ń ṣòwò ní apá àríwá Ghana náà ta kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yà ara rẹ̀, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni wọ́n rí gbé bọ̀.

ÌDÍ TÍ ALÁÌNÍJÍÀ FI BORÍ NÍ Ọ̀DỌ̀ WA

Ẹ̀yin èwe lè béèrè pé nígbà tí jíà ti wà láti ọdún 1902, èé ṣe tí èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa kò fi ní in? Ṣé òpè ni wọ́n ni? Rárá o. Wọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa ni.

Èkínní, ilẹ̀ Kano tẹ́jú. Ẹni tí ó ń lọ láti Sabon Gari sí Bichi tàbí sí Wudil kò ní òkè gidi kan tí yóò gùn.

Èkejì, eruku. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ ń kó yanrìn wá láti aginjù. Yanrìn tí ó bá bá òróró pàdé lára jíà òde, ìyẹ̀fun tí ń jẹ irin ni yóò dà. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ aláìníjíà nípọn, ó sì ń sáré lójú kan, nítorí náà ó ń fara da ìyà.

Ẹ̀kẹta, àtúnṣe. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ ní abúlé nílò sípánà kan, òòlù kan àti òkúta. Fíríwíìlì Hercules lè wọ Raleigh, ti Íńdíà lè wọ ti China. Títí di òní ni èyí rí bẹ́ẹ̀. Hero ti Ludhiana, Phoenix ti Shanghai àti Flying Pigeon ti Tianjin, àpẹẹrẹ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn náà ni gbogbo wọn wò.

Ẹ̀kẹrin, ẹrù. Oníṣòwò kì í sáré ìje. Àpò ẹ̀pà tàbí ìdì aṣọ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Férémù irin tí ó wúwo, sípóòkù tí ó nípọn àti kàríà tí ó le ni ó ń wá.

Fíìsì ńkọ́? Àwọn bàbá wa kò fẹ́ ẹ rárá. Ẹni tí ó ru ẹrù tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí pẹ́dàlì bá ń fi agbára gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri, ibi tí yóò bá ara rẹ̀ kò dára. Fíríwíìlì pẹ̀lú bíréèkì méjì ni wọ́n yàn.

IBI TÍ JÍÀ TI YẸ

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rìn jìnnà. Kano kò ga ju nǹkan bí 480 mítà lọ sí òkun, Jos sì lé ní 1,200. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Jos àti Bukuru mọ ohun tí a ń wí. Ẹni tí ó bá sì lọ sílé ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè tàbí Òkè Ìmẹ̀sí, tí ó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ aláìníjíà gun òkè wọ̀nyẹn, òun ni yóò ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò ní í gbé e. Ní irú ibẹ̀, jíà kì í ṣe fáàrí. Orúnkún ènìyàn ni ó ń gbà là, pàápàá ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ díẹ̀.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín jíà àti jíà. Jíà inú họ́ọ̀bù oníìpele mẹ́ta kò fẹ́ ju òróró lóòrèkóòrè àti okùn jíà tí a fà dọ́gba lọ. Jíà òde, tí ó pọ̀ lára àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ń dé báyìí, yára, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú lápá ọ̀tún, irin tí ń gbé ṣéènì á tẹ̀. Bí ṣéènì bá gùn nítorí ìlò, á ba gbogbo eyín jẹ́, rírà wọn pọ̀ ni yóò sì di dandan. A ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ oníjíà 18 tàbí 21, tí wọ́n sì fi ìpele kan ṣoṣo gùn ún títí jíà fi dípẹtà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sanwó ohun tí kò lò.

FÍÌSÌ TÍ Ó PADÀ DÉ

Ní òkè òkun, fíìsì kò kú tán. Ní pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ alóbìírípo, òun ni wọ́n ń gùn títí di òní, nínú Òlíḿpíìkì pàápàá, láìsí bíréèkì, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, kò sì sí ẹni tí ń sọdá. Àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ ní New York àti San Francisco fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 2000 ó sì di àṣà àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá.

Àwọn ọmọ wa ń rí i nínú fóònù, àwọn mìíràn sì ti ń fẹ́ yọ bíréèkì kúrò lára kẹ̀kẹ́ wọn. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ní London ní ọdún 2016, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ fíìsì rẹ̀ kò ní bíréèkì iwájú kọlu obìnrin kan tí ń sọdá títì. Obìnrin náà kú. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ rán ọ̀dọ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 18. Obìnrin yẹn ní ọkọ àti ọmọ. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ ní London tí títì ti gún régé, kí ni a ó sọ nípa Sabon Gari tí ọmọ, ewúrẹ́ àti oníbárò jọ ń lo ọ̀nà kan?

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 ni alùpùpù, èyí tí a ń pè ní ọ̀kadà nílé tí wọ́n ń pè ní àcàbà níhìn-ín, ti gba ìgboro lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ìjọba Kano fòfin de àcàbà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó gba ipò rẹ̀. Ní Nottingham pàápàá, wọ́n ta Sturmey-Archer fún ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan ní ọdún 2000, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe Raleigh níbẹ̀ ní ọdún 2002. Kano fúnra rẹ̀ ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń to Raleigh pọ̀ nígbà kan rí. Ohun gbogbo lọ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn kò mu epo. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń padà bọ̀ wá sí ìsọ̀. Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ń gbé Kano, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà ju máìlì 5 sí 6 lọ, kí ó ra aláìníjíà tí ó ní fíríwíìlì àti bíréèkì méjì. Yóò gbé e, yóò gbé ẹrù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì tún gùn ún. Ẹni tí ń gbé Jos tàbí ìlú olókè, kí ó wá jíà oníìpele mẹ́ta inú họ́ọ̀bù bí ó bá rí i. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn tí ó sì mọ̀ pé òun yóò máa nu ṣéènì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó ra oníjíà òde. Fíìsì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún pápá ìdíje.

Ohun kan ń bà wá lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ jíà lọ. Àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń to sípóòkù kí ríìmù má ṣe wọ́, tí wọ́n lè tú họ́ọ̀bù kí wọ́n sì tò ó padà láìṣẹ́kù irin kan, ń dín kù. Ọmọ iṣẹ́ kò wá mọ́, nítorí pé wọ́n ń pe oníkẹ̀kẹ́ ní òtòṣì. Bí àgbà wọ̀nyí bá lọ tán, kẹ̀kẹ́ tí owó epo lé padà sọ́dọ̀ wa kò ní rí ẹni tún un ṣe. A rọ ẹgbẹ́ wa pé nínú owó tí a ó rí níbi ìfilọ́lẹ̀ yìí, kí ẹ rántí iṣẹ́ ọwọ́: kí a ran ọmọ bí i mélòó kan lọ́wọ́ láti kọ́ ọ, kí a sì fún wọn ní sípánà nígbà tí wọ́n bá gba òmìnira.

Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí ẹ ń rí ní òpópó wa, òun ni ó rán àwọn dókítà àti lọ́yà inú ẹgbẹ́ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá gun òkè tán, kí ó má ṣe fi àkàbà ṣe ẹlẹ́yà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a ṣe èyí ṣe ẹ̀míì. Ẹni tí ó wá, a ó bá ire nílé. Ìrẹ́pọ̀ wa kò ní í já bí ṣéènì àlòkù o. Àṣẹ.